Ẹṣin Tó Ń Ru Ìkòkò

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n á fi bá baálé ilé wí, wọ́n á fi bá olóyè wí, wọ́n á sì tún fi yin ọmọ tó bá tọ ipasẹ̀ rere. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló mọ ẹṣin tí wọ́n ń wí? Ẹṣin ta ni? Níbo ló ń lọ tí òmíràn fi wà lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹṣin ogun ni, wọ́n á sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ó tì o. Bí wọ́n ṣe pa á fún mi nìyí: abo ẹṣin arúgbó kan tó ń ru ìkòkò lọ sọ́jà ló bí òwe náà. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ní ìlú Ọ̀dàn-Olú, níbi tí igi ti fọ́nká tí koríko sì pọ̀ fún ẹran jẹ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwọyin. Ọmọ ogun orí ẹṣin ni, òun náà ló sì ń bá àwọn ìjòyè kọ́ ẹṣin wọn. Bí ẹṣin kan bá ya aláìgbọràn, tó ń ta ni nípàá, ọ̀dọ̀ Láwọyin ni wọ́n ń fà á lọ. Akọ ẹṣin dúdú kan ni òun fúnra rẹ̀ ń gùn, Arógunyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Arógunyọ̀ kì í rìn bí ẹṣin ẹlẹ́ṣin. Gbì, gbì, gbì ni yóò máa lọ, ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á máa ta sókè bí gúgúrú inú agbada. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Láwọyin ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní ọkùnrin tí ìdí rẹ̀ kò bá lè gba gàárì, kó jókòó sílé kó máa rànwú. Ẹnu rẹ̀ mú, ìgbéraga rẹ̀ náà kò sì kéré, ká má purọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè mú un rọ̀, ìyá rẹ̀ sì ni.

Ìyá yìí ń jẹ́ Àyọ̀ká. Amọ̀kòkò ni, ìkòkò rẹ̀ sì lókìkí: ìkòkò ọbẹ̀, ìṣaasùn, àmù ńlá tí ẹni méjì ń gbé. Abo ẹṣin pupa kan ló ń bá a rù wọ́n lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹṣin náà mọ́. Olókòkò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Wọ́n á so ìkòkò mọ́ ọn níhà ọ̀tún, wọ́n á so ó mọ́ ọn níhà òsì, wọ́n á ki koríko gbígbẹ sáàárín wọn. Láti kékeré ni Olókòkò ti mọ̀ pé bí òun bá ta pọ́nún, ìkòkò á kọlu ara wọn, wọ́n á fọ́, àfọ́kù á sì gún òun níhà. Nítorí náà, ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìrìn kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yára nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ lókè, ohun tí ẹ óò sì máa gbọ́ kò ju kí ìkòkò máa kan ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Láwọyin kì í wo ẹṣin yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tirẹ̀, ẹṣin tí kò bá fojú rí ogun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ga díẹ̀ ni.

Lọ́dún kan, Ìyá Àyọ̀ká lọ wa amọ̀ létí odò, ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú sínú ihò amọ̀. Egungun ìgbáròkó rẹ̀ yẹ̀. Àwọn tó ń to eegun ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ká, eegun jinná, ṣùgbọ́n kò jinná bó ṣe yẹ. Ìyá kò lè rìn jìnnà mọ́. Bí nǹkan bá sì mì ín, ìrora á gbà á láti ìdí títí dé eyín. Ó di ẹni tó ń jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, tó ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò, tí Ọyátọ́lá, ìyàwó Láwọyin, sì ń bá a fi Olókòkò kó o lọ tà.

Ibi tó jókòó sí nìyẹn tí ìròyìn fi dé láti ìlú Ìdó-Àpáta pé Mọrẹ́nikẹ́ ti lóyún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Mọrẹ́nikẹ́ ni àbúrò Láwọyin, òun nìkan sì ni ọmọbìnrin tí Ìyá Àyọ̀ká bí. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ. Ó ti wojú Olúwa títí, àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti fẹnu pa á lára. Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ oyún náà tán, ìyá arúgbó yìí fi ọwọ́ alámọ̀ bojú, ó sunkún ayọ̀ títí amọ̀ fi kùn ún lójú bí àtíkè.

Àṣà kan sì wà nínú ìdílé àwọn amọ̀kòkò yìí. Bí ọmọbìnrin wọn bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ ni yóò mọ ìkòkò kékeré kan, tí yóò gbé e dé ilé àna, tí yóò fi í bu omi tútù sí ọmọ náà lára kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìyá bá wà láyé, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a ṣe é. Bí kò bá wá, ohun tí ayé máa sọ ni pé inú rẹ̀ kò yọ́ sí ọmọ náà. Ìyá Àyọ̀ká ti ń retí àtibu omi yìí fún ọdún gbọọrọ. Ìgbà tí omi wá dé ẹnu tán, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́.

Àwọn ará ilé gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àkéte, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé e lọ. Ìyá fi igbe ta. Ó ní, "Láéláé! Òkú ni wọ́n ń tẹ́ sórí àkéte gbé wọ̀lú. Ṣé bí ọmọ tuntun ṣe máa kọ́kọ́ rí mi nìyẹn? Orí ẹṣin ni n ó gbà dé Ìdó-Àpáta, tí mo bá máa dé ibẹ̀ rárá."

Láwọyin ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa kọ́ ẹṣin kan tó máa gbé yín débẹ̀ bí ẹni pé ẹ jókòó sórí ẹní yín."

Ẹṣin tó mú ni ọmọ tí Olókòkò bí fún Arógunyọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó gùn ni, Òjìji sì ni wọ́n ń pè é, torí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni kì í fi ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ìrìn tí Láwọyin ń wá lára rẹ̀ ni èyí tí ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì ń gbéra pọ̀, tí tòsì méjèèjì ń tẹ̀ lé e, tí ẹ̀yìn ẹṣin kò fi ní máa fò. Ó fi okùn so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé àpò iyanrìn lé e. Ó ń fà á yí àgbàlá ká, Òjìji ń kọsẹ̀, ó ń ṣubú, pàṣán ń dún. Ìyá Àyọ̀ká á máa ké láti orí ẹní pé, "Rọra, Àlàó! Ẹran náà ní ara o!" Àlàó ni oríkì Láwọyin. Láwọyin á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kì í ṣe òní lòun ti ń kọ́ ẹṣin.

Nígbà tó ṣe, Ọyátọ́lá bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Òjìji máa bá mi lọ sọ́jà, kó lè mọ ariwo ènìyàn. Ẹ̀rù kó má lọ bà á lójú ọ̀nà, kó sọ ìyá nù." Láwọyin rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ọjà bá pé, wọ́n á so Òjìji mọ́ ẹ̀yìn Olókòkò, ìyá níwájú pẹ̀lú ìkòkò, ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò iyanrìn, wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀.

Oyún Mọrẹ́nikẹ́ ń dàgbà, ìrìn Òjìji náà ń dára. Kò kọsẹ̀ mọ́. Kò ta pọ́nún mọ́. Lọ́jọ́ kan, Láwọyin tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gùn ún bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọjà, ó gbé igbá omi kan dání tó kún dẹ́nu, Olókòkò sì ń lọ níwájú bó ṣe máa ń lọ. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sílẹ̀. Láwọyin fò sọ̀kalẹ̀ láàárín àgbàlá, ó ń fi okùn han gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Okùn mi rèé o! Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, kó wá wò mí!" Wọ́n gbé ìyá lé Òjìji, wọ́n mú un tẹ̀ lé Olókòkò lọ sí ìdí odò, wọ́n mú un padà. Ìyá rẹ́rìn-ín kèékèé bí ọmọdébìnrin. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni oníṣẹ́ sáré dé. Mọrẹ́nikẹ́ ti bímọ, obìnrin ni, tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà. Oníṣẹ́ ti pẹ́ lọ́nà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí wọn kò bá gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò ní bá a. Ìkòkò kékeré náà ti wà nílẹ̀, ìyá ti sun ún, ó ti fi ewé pa á lára títí ó fi ń dán. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé e lé itan lórí Òjìji, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra.

Ẹ wá wo àṣìṣe ọlọ́gbọ́n. Lójú ọ̀nà jíjìn, ológun kì í jẹ́ kí obìnrin ṣíwájú òun. Láwọyin gun Arógunyọ̀, ó so ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó mú idà, ó bọ́ síwájú. Olókòkò ń bẹ nílé, Ọyátọ́lá ń di ìkòkò lé e fún ọjà. Ta ni yóò mú ẹṣin oníkòkò lọ sílé àna?

Wọn kò tíì jìnnà sí bodè ìlú tí nǹkan fi yí padà. Gbì, gbì, gbì, Arógunyọ̀ ń fò lọ níwájú. Gbì, gbì, gbì, Òjìji gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Àyọ̀ká pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó wá di ẹnu mọ́ra. Láwọyin bojú wẹ̀yìn, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, inú bí i, ó ṣẹ́rí padà, ó na Òjìji ní pàṣán. Òjìji bá ta pọ́nún. Ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde nínú ọ̀já.

Ìyá ní, "Àlàó, sọ pàṣán yẹn sílẹ̀."

"Ìyá, inú burúkú ló ní! Ẹ̀yin náà rí bó ṣe ń rìn nílé. Mo kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n!"

"Ta ló ń wò?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ta ni Òjìji ń wò? Láti bodè ni mo ti ń wo etí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Arógunyọ̀ ló kọ ọ́ sí. Bí ìyẹn bá fò, yóò fò. Bí ìyẹn bá fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, òun náà á fi janlẹ̀. Ó dáa, nílé ńkọ́? Ta ló wà níwájú rẹ̀ nílé?"

Láwọyin lanu láti sọ pé okùn òun ni. Ó rántí gbogbo ọjọ́ ọjà. Ó rántí ọjọ́ igbá omi, ó rántí ìdí odò. Kò sí ìgbà kan tí Òjìji rìn dáadáa tí ìdí pupa Olókòkò kò sí níwájú rẹ̀.

Ìyá ní, "Padà lọ mú Olókòkò wá. Kó o sì jẹ́ kí ìkòkò wà lára rẹ̀ o. Bí kò bá gbọ́ ohùn ìkòkò, á rò pé eré ni wọ́n pe òun sí."

"Yéè! Ìyá mi! Èmi Láwọyin, lórí ẹṣin oníkòkò, kí n fi wọ ìlú àna? Àwọn ọmọdé á fi mí kọrin!"

Ìyá kò bínú. Ó ní, "Ìtìjú kò dùn, mo mọ̀. Mi ò fi dandan mú ọ, ọmọ mi. Bí kò bá ṣeé ṣe, dá mi padà sílé, kí ìwọ gbé ìkòkò yìí lọ bá àbúrò rẹ. Kó o sọ fún un pé mo gbìyànjú."

Láwọyin wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára ìkòkò náà. Ó wo ètè rẹ̀, ó rí i pé ó ti fi eyín ge é níbi tó ti ń pa ìrora mọ́ra, torí kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é dọ́kàn. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi kan tó ní ibòji, nítòsí àwọn tó ń ro oko ọkà bàbà, ó ní kí wọ́n bá òun máa wo ìyá òun, ó sì gun Arógunyọ̀ padà sílé ní eré.

Ọyátọ́lá ti ń fa Olókòkò jáde lọ sọ́jà nígbà tó dé. Àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Ṣé kò sí o?"

Láwọyin ní, "Kò sí nǹkan. Olókòkò ni mo wá mú."

"Ẹ jẹ́ kí n tú ìkòkò kúrò lára rẹ̀."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Má tú ọ̀kankan."

Ọyátọ́lá wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kóun bi í léèrè. Ó kàn bá a fún okùn ìkòkò le sí i ni, ó ní kó kí ìyá. Láwọyin gun Olókòkò, orúnkún rẹ̀ wà láàárín ìkòkò lọ́tùn-ún lósì, ó ń fa Arógunyọ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ní bodè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji rí i. Wọ́n ní, "Láwọyin! Ìlú wo lo fẹ́ fi ìkòkò bá jagun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń dì mọ́ra. Láwọyin tó máa ń fèsì kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó kọjá lọ.

Wọ́n gbé ìyá padà sórí Òjìji. Olókòkò bọ́ síwájú, ìkòkò ń dún kẹ̀n, kẹ̀n, kẹ̀n, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Òjìji na etí. Ó gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n sì ń yára lọ bí omi tó ń ṣàn lórí iyanrìn. Ìyá mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Láwọyin bojú wẹ̀yìn. Láwọyin wò ó. Arógunyọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn pátápátá, tí kò ní ẹnì kankan lórí, ti ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rọra tẹlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Kò mọ̀ ọ́n o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Ìyá àti ọmọ bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ kí wọ́n tó wọ Ìdó-Àpáta. Bí Láwọyin ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí: àwọn ọmọdé rọ́ jáde, wọ́n ń kọrin pé ológun ń kiri ìkòkò. Ojú tì í, ó gbóná dé etí. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀. Ìyá jókòó ṣánṣán lórí Òjìji, ìkòkò kékeré wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń wá ilé ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ilé. Ni Láwọyin bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, ohùn tó fi ń pe ogun. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o! Ìkòkò rèé! Ìyá mi ló mọ ọ́n! Ẹ wá wo ìkòkò tó dára!" Àwọn ọmọdé hó yèè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin wọ́n lọ dé ẹnu ọ̀nà.

Mọrẹ́nikẹ́ sáré jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Kò rò pé ìyá òun lè dé, ó ti ń sunkún láti àná. Wọ́n fún ìyá ní àpótí, ó jókòó, wọ́n pọn omi tútù wá. Ó bù ú sínú ìkòkò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó dà á sí ọmọ náà lára díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ké. Ìyá ní, "Ké, ìyá mi, ké dáadáa. Mo dé o." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni omi bọ́ lójú wọn, Láwọyin náà wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, baba ọkọ Mọrẹ́nikẹ́ tọ Láwọyin wá. Ó ní, "Àna wa, mo rí bí ẹṣin kékeré yẹn ṣe gbé ìyá wọ̀lú. Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn yẹn?" Ẹni tó bá mọ Láwọyin tẹ́lẹ̀ á ti mọ èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí Olókòkò tó ń jẹ koríko lẹ́bàá ògiri. Baba náà kò gbà, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá Àyọ̀ká wá bá ọmọ rẹ̀ gbà á sọ. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ fún yín. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré." Àwọn àgbà tó jókòó mi orí, wọ́n tún un sọ fún ara wọn, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fa ẹṣin tí ìrìn rẹ̀ kò dára tọ Láwọyin wá, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ẹ lọ mú èyí tó ń ṣíwájú rẹ̀ wá ná."

Ibi tí òwe yìí ti wá nìyẹn. Bí ẹ bá rí baba tó ń na ọmọ nítorí irọ́, tí òun náà kì í sì í sọ òótọ́ fún aládùúgbò, tàbí olórí tó ń bínú pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ya ọ̀lẹ, òwe yìí ni àgbà máa pa fún un. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹ̀gbọ́n tó ń hùwà rere, kó lè mọ̀ pé ojú àwọn àbúrò wà lára òun, kó má sì jẹ́ kó rẹ òun. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: kí á tó mú pàṣán fún ẹni tó wà lẹ́yìn, ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.